Oògùn Ìtọ̀ Ìyá Àgbà àti Ìdọ̀bálẹ̀ Mi ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi láéláé. Aago méje ààbọ̀ àárọ̀ ni ọ̀ràn náà bẹ̀rẹ̀, nínú yàrá ìyá àgbà mi ní Ọ̀yọ́. Mò ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti lọ fojú kan bàbá Bùkọ́lá, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fi ṣaya, fún ìgbà àkọ́kọ́. Bí àyà mi bá ti já, inú mi ló kọ́kọ́ máa ń gbọ́: á máa lọ́ mi, á máa kùn bí ẹ̀rọ ìlọta. Dókítà ti ní kò sí egbò níbẹ̀, ìfun mi kàn máa ń tètè bínú ni.

Mo ti kà nípa ìwádìí kan lórí fóònù: pé bí ìdààmú bá dé, ara a máa tú èròjà kan sínú ẹ̀jẹ̀, èròjà náà a sì lọ bà sí àwọn ibi kan nínú ara bí ẹyẹ, pé oògùn ìtọ̀ kan, irú èyí tó ń mú èèyàn tọ̀ léraléra, wà tó ń gba ìjókòó mọ́ ọn lọ́wọ́, tí inú rírun fi ń dínkù. Lára eku o. Mo wo ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn. Eku kì í ṣe èèyàn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà ní oògùn ìtọ̀ tó ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, inú mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́. Mo gbé ẹyọ kan mì.

Mo wọ ọkọ̀. A ò tíì jìnnà sí Ọ̀yọ́ tí mo fi ní kí dẹ́rẹ́bà bá mi dúró kí n lè tọ̀. Nígbà tí mo tún bẹ̀ ẹ́, ìyá kan tó jókòó lẹ́yìn mi pariwo: "Bọ̀dá yìí, ṣé oyún lẹ ní ni?" Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, n kò bẹ̀ ẹ́ mọ́. Mo di ẹsẹ̀ mọ́ra títí a fi dé Ògbómọ̀ṣọ́.

Bàbá Bùkọ́lá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, wà ní pálọ̀ lórí àga tó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn kan. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ gbọ́, kò sí nǹkan láàárín èmi àti sìmẹ́ńtì yẹn àfi àpò ìtọ̀ mi. Ọmọ tí a kọ́ kì í dìde kí àgbà tó ní kó dìde. Bàbá ò sì ní kí n dìde, àdúrà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀.

"Ọ̀nà rẹ á là."

"Àmín, sà."

"Ilé ayé á tutù fún ẹ bí omi."

"Àmín." Mo fún eyín pọ̀ sọ ìyẹn ni.

"Bí odò ṣe ń ṣàn tí kì í dáwọ́ dúró..."

N kò lè ṣe àmín èyí. Mo fò dìde, mo já wọ ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ tí mo rí: ilé ìdáná ni, ìyá Bùkọ́lá ń da omi sí ìkòkò! Mo yí padà bìrí.

"Ẹ̀yìn bàbá!" Bùkọ́lá kígbe láti pálọ̀. "Ẹ̀yìn bàbá ni!"

Mo fún ara mi gba ẹ̀yìn àga wọn wọ ilé ìtọ̀, mo sì jáde. "Ṣé àdúrà mi ló lé ẹ?" bàbá bi mí. Mo wá irọ́ tì. Ni mo bá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: inú mi, eku, oògùn ìyá àgbà.

Bàbá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi bọ́ awò ojú wọn. "Oògùn ìtọ̀! Èmi náà ń lò ó. Kí lo rò pé ó mú mi gbé àga mi síbí? Ẹni tó bẹ̀rù mi tó báyìí kò ní fìyà jẹ ọmọ mi. Ó yá, dọ̀bálẹ̀ padà, mi ò tíì parí àdúrà."

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo wá mọ̀ pé oògùn ìtọ̀ ju oríṣi kan lọ, àti pé èyí tí wọ́n fún eku kọ́ ni mo gbé mì. Oògùn ẹlòmíràn kì í ṣe oògùn ẹni. Ṣé inú mi dákẹ́ lọ́jọ́ náà? Ó dákẹ́. Ṣé oògùn ni, àbí àpò ìtọ̀ ni kò jẹ́ kí n ráyè gbọ́ ohùn rẹ̀? N kò lè sọ, ẹ̀rín ara mi ni mo kàn ń rín. Ohun tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín ni pé ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀ àwọn àna mi wà lẹ́yìn àga bàbá, inú ló sì ń ṣí sí: ẹ kàn tì í.