Màámi Ní Kí N Kí Yín, Mà

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi bí mo tilẹ̀ di arúgbó, ọjọ́ tí mo wọ ọkọ̀ láti Rumuokwuta dé Abuloma, ní ìlú Port Harcourt, kí n lè lọ sọ òótọ́ fún ẹnì kan, tí mo débẹ̀ tán tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í parọ́ bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ irọ́.

Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Màámi kú ní Ìkìrun nígbà tí èmi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní èbúté Onne, nítòsí Port Harcourt. Orí fóònù ni wọ́n ti sọ fún mi. Èmi ni àkọ́bí, èmi ni mo sáré sókè sódò títí a fi sin wọ́n, n kò sì ráyè sunkún. Mo padà sí Port Harcourt, mo ní ó ti tán. Kò tán o. Bí fóònù bá ti dún báyìí, àyà mi á já, ọwọ́ mi á máa gbọ̀n, òógùn á bò mí. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí mo ń ṣe, fóònù gbígbé ni! Èmi ni mo ń bá àwọn awakọ̀ tírélà sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, pé ta ló ti wọ èbúté, ta ló ṣì wà lọ́nà. Apẹja tó ń bẹ̀rù omi, kí ni yóò jẹ?

Ọjọ́ tí àṣírí tú, à ń ṣèpàdé lọ́wọ́ ni fóònù ọ̀gá wa dún. Kí n tó mọ̀, mo ti wà lábẹ́ tábìlì. Mo sọ fún wọn pé yẹtí mi ló bọ́. Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Tamuno, bẹ̀rẹ̀ wò mí níbẹ̀.

"Madam, the earring dey your ear," ló wí jẹ́jẹ́. "The two of them."

Lẹ́yìn ìpàdé, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "I no dey drive you o. But go see therapist, person wey sabi this kind matter. If e no better before month end, I go put another person for that phone."

Mo mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Sítọ́ọ̀ ni wọn yóò gbé mi lọ, kí èmi àti eruku páìpù jọ máa wo ara wa. Mo pinnu pé n kò ní lọ. Mo ní bí ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ tọ́jú ọkàn bá wà ní ìlú yìí, èmi á wá a rí, ì báà wà lókè, ì báà wà nísàlẹ̀.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo rí ò jìnnà sílé mi ní Rumuokwuta, lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí fọkanáísà wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, ó níwà, ó sì ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni ń ka ìròyìn. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ lanu ni fọkanáísà máa ń tan ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí táyà, ilé á máa gbọ̀n, èmi náà á máa gbọ̀n. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi dà bíi lẹ́tà tí báńkì kọ: "I lost my mother and it has affected my performance." Èmi fúnra mi gbọ́ ọ, ó yà mí lẹ́nu. Ìyẹn kọ́ ló ń ṣe mí. Èdè tí Màámi fi tọ́ mi nìkan ni ẹ̀dùn mi gbọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, mo sì sọ fún ara mi pé Yorùbá ni mo fẹ́, obìnrin ni mo fẹ́, àgbàlagbà sì ni.

Mo bá gba ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ, níbi tí àwa Yorùbá pọ̀ sí. Mo ń bèèrè lábẹ́lẹ̀, mo ní "ọ̀rẹ́ mi kan" ló ń wá irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹ gbà mí o! Kó tó di Sunday kejì, gbogbo ẹgbẹ́ akọrin ti ń bi mí pé ọ̀rẹ́ mi ńkọ́. Ìyá kan tilẹ̀ dìde lásìkò àdúrà, ó ní ká rántí ọ̀rẹ́ arábìnrin wa tí orí rẹ̀ fẹ́ dàrú. Ohùn àmín tèmi ló ròkè jù. Àmọ́ ìyá yẹn kan náà ló júwe Màmá Adéòtí fún mi, tẹ́rápísìtì tó jẹ́ ọmọ Yorùbá, tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, tó sì ń gbé Abuloma. Mo fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n dá ọjọ́ fún mi.

Ní gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń kọ́ ohun tí n ó sọ. Mà, ìyá mi ti kú, n kò sì tíì sunkún. Gbólóhùn kan péré. Mo há a sórí bí ọmọdé ṣe ń há ẹsẹ Bíbélì. Màmá Adéòtí ló ṣílẹ̀kùn fúnra wọn, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó wọ ìró àti bùbá àǹkárá, ewú ti gba orí wọn. Bí mo ṣe rí wọn báyìí, orúnkún mi ti kanlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Dìde. Ṣé dáadáa lo dé?"

"A dúpẹ́, mà."

"Iṣẹ́ ńkọ́?"

"A dúpẹ́, mà."

"Bàbá ńkọ́? Ìyá ńkọ́?"

"Wọ́n wà dáadáa, mà. Màámi ní kí n kí yín."

Ọ̀rọ̀ ti jáde kí n tó mọ̀ pé èmi ni mo sọ ọ́. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ẹnu mi: bí àgbà bá béèrè ìyá rẹ, ìyá rẹ wà, ó sì ní kí o kí wọn. Ẹnu mi ò dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Ó yẹ kí n tún un ṣe lójú ẹsẹ̀, àmọ́ Màmá ti ń rẹ́rìn-ín. "O ṣeun tí o jíṣẹ́. Ara wọn le?" Báwo ni n ó ṣe wá sọ fún irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ pé ẹni tí wọ́n ń béèrè ti wà nínú ilẹ̀?

"Ara wọn le, mà. Orúnkún nìkan ló ń dùn wọ́n díẹ̀díẹ̀."

Màmá ní kí ni wọ́n ń fi pa á. Mo ní òrí ni. Ta ló ń bá wọn pa á? Mo ní àbúrò mi, Káyọ̀dé. Mo ní wọ́n ṣì ń lọ sọ́jà dáadáa. Mo ní wọ́n tilẹ̀ ń bọ̀ wá kí mi kí ọdún tó parí. Àwọn àgbà ní ohun tó bá ń dunni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Èmi ò tíì mẹ́nu kan tèmi rárá, bẹ́ẹ̀ owó mi ni mo fi jókòó síbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wá bi mí ohun tó gbé mi wá, mo ní fóònù ni, pé bó bá dún, ẹ̀rù máa ń bà mí.

"Ta ló máa ń pè ọ́ jù?"

"Màámi ni, mà." Ìyẹn tilẹ̀ jẹ́ òótọ́ nígbà kan.

"Háà, ká bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ràn rẹ nìyẹn. Pè wọ́n níwájú mi, ká wo ohun tí ara rẹ máa ṣe. Èmi náà á kí wọn."

Ẹni tó gbọ́n ìbá jẹ́wọ́ níbẹ̀. Èmi rò ó pé wọn á ti pa fóònù Màámi, n ó kàn sọ pé nẹ́tíwọ̀kì Ìkìrun ò dára. Mo tẹ nọ́ńbà náà, mo ṣí ohùn rẹ̀ síta kí Màmá lè gbọ́.

Wọn ò pa á. Orin ló bẹ̀rẹ̀, orin ìyìn tí Màámi fi sórí fóònù wọn fún ẹni tó bá ń pè, tí mo máa ń bá wọn jà lé lórí pé ariwo rẹ̀ pọ̀ jù. Láàárín orin náà, obìnrin kan fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún mi pé bó bá wù mí, kí n tẹ àmì ìràwọ̀, wọn á fi orin náà sórí fóònù tèmi náà. Mo di apá àga mú. Orin dákẹ́, ẹnì kan gbé e.

"Ẹ̀gbọ́n mi?" Káyọ̀dé ni. "Ṣé kò sí o? Nọ́ńbà Màámi lẹ pè."

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ ń bá a. Tèmi ò tó wákàtí kan.

"Bàámi ò jẹ́ ká pa á," ni Káyọ̀dé ń wí. "Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ní kí n ṣáájì rẹ̀. Wọ́n ní bóyá ẹni tí kò tíì gbọ́ á pè."

Ibẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún. Kì í ṣe ẹkún ọmọlúàbí rárá, ẹkún tí ikun imú ń bá rìn ni. Àwọn apẹja tó ń tún àwọ̀n ṣe létí omi lẹ́yìn ilé dáwọ́ iṣẹ́ dúró láti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Káyọ̀dé náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ lọ́hùn-ún. N kò mọ ìgbà tí mo bọ́ sílẹ̀ lórí àga. Màmá Adéòtí wá jókòó tì mí nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà tí mo lè mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ nítorí irọ́ tí mo pa. Wọ́n ní kí n sinmi.

"Látìgbà tí wọ́n ti lọ, ta ló ti bi ọ́ pé ìyá ńkọ́?"

Mo rò ó. Àwọn ará ilé mọ̀, wọn ò lè béèrè. Àwọn tí a jọ wà ní Onne, "how far" ni tiwọn.

"Kò sí, mà."

"Ẹnu rẹ ò tíì kọ́ èsì tuntun ni. A ó kọ́ ọ."

Bí ìtọ́jú mi ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bí mo bá ti dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n á ní, "Ìyá ńkọ́?" Lákọ̀ọ́kọ́, "wọ́n wà" ni mo máa ń sọ, n ó sì gbé e mì. A ṣe iṣẹ́ mìíràn pẹ̀lú, àwọn ọjọ́ kan wà tí mo fi ìbínú kúrò níbẹ̀, àmọ́ mo máa ń padà lọ. Kó tó di ìparí oṣù, fóònù dún lórí tábìlì mi ní Onne, mo gbé e. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n o, Ọ̀gbẹ́ni Tamuno ló ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí ẹni tó ń wá olùtọ́jú ọkàn má jẹ́ kó sú òun bí ẹnì kan ò bá bá a mu, kó máa wá a lọ. Bó bá sì rí i, kó sọ ohun tó ń ṣe é, kódà bí orúnkún bá wà nílẹ̀.

Èmi ń gbìyànjú rẹ̀ báyìí. Láìpẹ́ yìí, mo pàdé bàbá Yorùbá kan tí ó ti pẹ́ tí a ti ríra kẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti ń ná ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní Rumuokwuta. A kíra, kíra, kíra, wọ́n wá ní, "Ìyá ńkọ́?"

Mo ní, "Wọ́n ti kú, sà. Àárò wọn ń sọ mí gan-an."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni bàbá dáhùn, "bá mi kí wọn o!"

Lẹ́yìn náà ni ojú wọn yí padà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì dúró lọ́wọ́ wọn. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi, mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, n ó jíṣẹ́.