Ọjọ́ Tí Àwẹ̀ró Kúnlẹ̀ Láàárín Eré Ìje

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ẹ di àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ yín mú kí wọ́n má sáré bọ́ sójú títì, kí ọkàn mi lè balẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tó mú kí àwọn àgbà máa pa á lówe pé orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni? Ìjánu kẹ̀! Ohun tí wọ́n ń kì sẹ́nu ẹṣin! Kí ló pa òun àti orúkọ pọ̀? Ó pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń rú mi lójú. Àwọn kan á ní nítorí kí ọmọ má baà ba orúkọ ilé rẹ̀ jẹ́ ni. Wọn ò purọ́, ṣùgbọ́n ìdí ọ̀rọ̀ kọ́ nìyẹn. Orí pápá ni òwe náà ti bẹ̀rẹ̀, lọ́sàn-án gangan, lójú gbogbo ayé.

Ọmọbìnrin kan wà ní ìlú Òkè-Abà, Tinúadé lorúkọ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀, tó ń mọ ìkòkò, ló ti dàgbà. Ọmọ náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń rìn; ọjọ́ tó kọ́kọ́ dìde dúró náà ló sáré. Bí ìyá àgbà bá ń to ìkòkò síná, ọmọ á ti dé etí iná. Bó bá fà á kúrò níbẹ̀, tó bojú wẹ̀yìn báyìí, ọmọ á ti dé etí kànga. "Tinúadé! Tinúadé o!" Bí ẹni ń pe afẹ́fẹ́. Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ mọ irú ẹ̀rù tí mò ń wí, èyí tí kì í jẹ́ kí èèyàn gbé oúnjẹ mì.

Ní ọjọ́ kan, òjò ti rọ̀, odò ti kún, ọmọ sì kọrí sódò. Ìyá àgbà kò lè sáré. Ó lanu láti pe Tinúadé, ṣùgbọ́n oríkì ló jáde: "Àwẹ̀ró! Àwẹ̀ró, ọmọ amọ̀kòkò-máa-dún-bí-agogo, ọmọ amọ̀ pupa tí kì í sán lójú iná!"

Ọmọ dúró gbagidi. Ó yíjú padà, orúnkún rẹ̀ méjèèjì tẹ̀, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ń gbọ́. Kò mira títí ìyá àgbà fi kì í tán, tó sì ní, "Dìde, ọkọ mi."

Bó ṣe di àṣà ilé wọn nìyẹn. Bí wọ́n bá ń kì ọ́, wàá kúnlẹ̀. O ò sì ní dìde títí wọn yóò fi kì ọ́ tán. Ọmọ dàgbà, àṣà kò fi í sílẹ̀.

Nígbà tí Tinúadé di ọmọge, kò sẹ́ni tó lè bá a sáré ní gbogbo agbègbè náà. Ó yege nínú ìdánwò àtiwọ kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ tó wà nílùú wọn, ó ku kí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀ kó wọlé. Àwọn eléré kọ́lẹ́ẹ̀jì sì ti ń jẹ́ kó wá bá wọn ṣe ìgbáradì. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́ láyé yìí: kó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ òféèfé ti kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, kí wọ́n fi gbohùngbohùn pe orúkọ rẹ̀, kó sì sáré.

Àṣé wàhálà wà níwájú. Bí ìdíje àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣe kù fẹ́ẹ́fẹ́, Rẹ̀mílẹ́kún, àgbà eléré wọn, gun igi máńgòrò, ó sì já bọ́. Ẹsẹ̀ rọ́. Àwọn yòókù tí ẹsẹ̀ wọ́n yá, ìdánwò ti fi wọ́n jókòó, nítorí òfin ìdíje náà kò gba gbẹ̀rẹ́. Ẹni tí kò bá yege nínú ìwé rẹ̀, kò gbọdọ̀ sáré. Ẹni tí kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, kó jókòó sílé. Ẹni tó bá bú rẹfirí, kó gbé àpò rẹ̀ kó máa lọ. Èyí tó wá le jù ni pé ẹnikẹ́ni tó bá fi orúkọ ẹlòmíràn gba ìlà ìparí kọjá, kò ní sáré fún kọ́lẹ́ẹ̀jì kankan mọ́ títí ayé.

Kóòṣì wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé, wá bá Tinúadé nídìí ìkòkò.

"Tinú, o máa ràn wá lọ́wọ́."

"Lórí kí ni, sà?"

"Eré náà ni. Wàá kàn sáré bó o ṣe máa ń sá a. Kìkì pé lọ́jọ́ yẹn, Rẹ̀mílẹ́kún lò ń jẹ́."

Amọ̀ bọ́ lọ́wọ́ Tinúadé. "Kóòṣì, òfin tẹ́ ẹ kà fún wa ńkọ́? Èyí tó ní títí ayé?"

"Ta ló fẹ́ mọ̀? Ẹ ga bákan náà, ẹ dúdú bákan náà. Orúkọ lásán ni. Àbí orúkọ ló ń sáré ni? Ṣebí ẹsẹ̀ ni." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹni tó bá ràn mí lọ́wọ́ lọ́dún yìí ni mà á rántí lọ́dún tó ń bọ̀ o."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Tinúadé lára. Bó bá ń po amọ̀, á máa bi ara rẹ̀ pé: lóòótọ́, orúkọ ló ń sáré ni àbí ẹsẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹ̀rù pé Kóòṣì lè gbàgbé òun lọ́dún tó ń bọ̀ ju ẹ̀rù òfin lọ. Ó gbà.

Ìgbáradì di yẹ̀yẹ́. Kóòṣì á pariwo, "Rẹ̀mílẹ́kún!" Tinúadé á máa mu omi rẹ̀ lọ. Rẹ̀mílẹ́kún gan-an, tó na ẹsẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ dì sábẹ́ igi, á dáhùn: "Sà!"

"Kì í ṣe ìwọ!"

"Ṣé n ò jẹ́ Rẹ̀mílẹ́kún mọ́ ni, sà?"

"Títí ìdíje á fi parí, o ò jẹ́ ẹ."

"Kí wá ni mò ń jẹ́?"

Kóòṣì ronú, ó họ orí. "Má jẹ́ nǹkan kan. Ṣáà dákẹ́."

Ọjọ́ ìdíje pé, orí pápá kọ́lẹ́ẹ̀jì Òkè-Abà náà ni wọ́n ti ṣe é. Tinúadé ti sọ fún ìyá àgbà pé òun kàn ń lọ wòran ni. Ìyá àgbà ní kó lọ re, kó bọ̀ re. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ṣe jáde báyìí, ara màmá kò gbà á mọ́. Irú ilé ìwé wo ni ọmọ òun fẹ́ wọ̀ ná? Ṣé ó ní ọgbà? Ṣé kò sí kànga tí wọn ò dé lójú? Ó di mọ́ínmọ́ín mọ́ ìdí aṣọ, ó tẹ̀ lé e, ó sì lọ jókòó síwájú pátápátá láàárín àwọn òǹwòran.

Níbi tí wọ́n ti ń gba orúkọ eléré, ọkùnrin kan wo Tinúadé. "Orúkọ?"

"Rẹ̀mílẹ́kún, sà."

"Ẹ̀kọ́ wo lò ń kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì?"

Yéè! Kóòṣì kò kọ́ ọ ní èyí. Tinúadé gbójú sókè, ó rí Kóòṣì lẹ́yìn ọkùnrin náà tó tẹ̀ ba, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì walẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, tó ń làágùn.

"Sàréè gbígbẹ́ ni, sà."

"Kí ni? Wọ́n ń kọ́ èyíinì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì?"

"Iṣẹ́ àgbẹ̀ ló ń wí!" Kóòṣì ti bẹ́ wọ àárín wọn, ó ń fi tipátipá rẹ́rìn-ín. "Aláwàdà ọmọ ni, sà. Kò sígbà tí kì í ṣàwàdà."

Wọ́n jẹ́ kó kọjá. Ìbọn dún. Àwọn eléré tú sáfẹ́fẹ́ bí ẹyẹ tí wọ́n sọ òkò sí.

Kí wọ́n tó yí pápá po lẹ́ẹ̀kan, Tinúadé ti wà níwájú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Òkè-Abà, tí Kóòṣì ti sọ orúkọ tí wọ́n máa pè fún, dìde. "Rẹ̀mílẹ́kún! Rẹ̀mílẹ́kún!" Ariwo gba gbogbo pápá, ṣùgbọ́n kò wọ ọmọ náà lára. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tirẹ̀ kí ẹlòmíràn. Ó wò ó pé, hẹn, Kóòṣì mà jàre, ẹsẹ̀ náà ló ń sáré. Orúkọ kò sí níbẹ̀ rárá. Ó rí ìlà ìparí báyìí, funfun báláú. Ó kù díẹ̀. Ó kù bí ibi téèyàn lè ju òkúta dé. Ó kù bí àgbàlá ilé wọn.

Ní ìwájú pátápátá láàárín èrò, ìyá àgbà kan ti gbé mọ́ínmọ́ín dúró sẹ́nu. Ta nìyẹn? Àbí ojú òun ni? Ọmọ òun kọ́ nìyẹn, tó fi gbogbo ayé sẹ́yìn? Mọ́ínmọ́ín bọ́ sílẹ̀. Màmá dìde.

"Àwẹ̀róooo! Àwẹ̀ró, ọmọ amọ̀kòkò-máa-dún-bí-agogo!"

Gbì! Orúnkún méjèèjì ti balẹ̀.

Tinúadé ní kí orúnkún òun dìde. Orúnkún ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ìlà ìparí wà níwájú rẹ̀, bó bá na ọwọ́ tán, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ìyá àgbà rí i pé ọmọ kúnlẹ̀ fún òun níṣojú gbogbo èèyàn, inú rẹ̀ dùn dé ìfun. Èyí tó máa ń kì ní ṣókí nílé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nà án. Ó kì í dé ọ̀dọ̀ bàbá ńlá tó mọ ìkòkò tí ẹṣin lè sùn sí. Ó kì í dé ọ̀dọ̀ ìyá bàbá náà. Àwọn eléré ń kọjá lára ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, fìì, fìì. Èyí tó gbẹ̀yìn, tí ó ti rẹ̀, tó ń rìn, dúró wò ó, ó ní, "Ẹ kú oríire o," ó sì rìn gba ìlà kọjá.

Rẹfirí àgbà, Alàgbà Ọláòṣebìkan, sáré dé. "Rẹ̀mílẹ́kún, ṣé ẹsẹ̀ ló ń dùn ọ́?"

"Rárá, sà."

"Dìde nígbà náà."

"Ẹ má bínú, sà. Wọn ò tíì kì mí tán."

Ìyá àgbà ti já okùn pápá, ó wọlé. "Ta ló ń jẹ́ Rẹ̀mílẹ́kún? Tinúadé ọmọ ọmọ mi rèé! Sáà tó ń bọ̀ ló máa wọ ilé ìwé yín, kò tíì wọlé." Ó yíjú sọ́mọ. "Dìde, ọkọ mi."

Kóòṣì dé, èémí kò délẹ̀. "Màmá, ẹ ṣì í mú ni! Èèyàn jọra!"

"Èmi tí mo wẹ̀ ẹ́? Ìwọ ọmọ yìí, ta ló bí ọ? Jẹ́ kí n kì ọ́, bóyá ara rẹ á wálẹ̀."

Kóòṣì fẹ̀yìn rìn.

Rẹfirí fọwọ́ pa irùngbọ̀n. Èèyàn tó máa ń fẹ́ mọ ìdí nǹkan ni. Ó ní, "Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jẹ́ kí n wo nǹkan kan." Ó gbé ohùn sókè: "Rẹ̀mílẹ́kún!"

Tinúadé tó dúró níwájú rẹ̀ kò mira. Lókè níbi tí èrò jókòó sí, lábẹ́ ìborùn kan báyìí, ẹnìkan dáhùn ketekete: "Sà!" Ó sì fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù. Gbogbo pápá bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún pe tiyín."

"Àwẹ̀ró!"

Gbì!

Ẹjọ́ parí. Rẹfirí sọ fún Kóòṣì pé kó lọ fi fèrè rẹ̀ kọ́ sára ògiri ilé fún ọdún kan gbáko. Ó ní òun àti Rẹ̀mílẹ́kún máa sọ̀rọ̀ bí ẹsẹ̀ bá san. Tinúadé ò tíì dìde. Omijé ń dà lójú rẹ̀ sórí pápá.

"Sà, ṣé títí ayé náà nìyẹn?"

Alàgbà Ọláòṣebìkan wo ọmọ. Ó wo ìlà funfun tó wà níwájú rẹ̀. "Báwo ni òfin ṣe wí?"

"Ó ní ẹni tó bá fi orúkọ ẹlòmíràn gba ìlà ìparí kọjá."

"Ìwọ gbà á kọjá?"

"Rárá, sà. Mo kúnlẹ̀."

"Kí ló dá ọ dúró?"

Tinúadé ronú, ó nu imú. "Orúkọ mi ni, sà."

Rẹfirí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Òun ló yọ ọ́! Ẹṣin tó ń já lọ sínú kòtò, ìjánu ló ń gbà á. Lọ sílé, ọmọ mi. Bó o bá ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, kó o padà wá, kó o sì mú orúkọ rẹ dání."

Ó padà wá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kí ìdíje ọdún kejì tó bẹ̀rẹ̀, àwọn aláṣẹ ti fi òfin kan kún òfin wọn: ìyá àgbà kankan kò gbọdọ̀ ki ọmọ rẹ̀ kí ọmọ náà tó gba ìlà kọjá. Wọ́n gbé àga fún màmá sí òdìkejì ìlà ìparí, wọ́n fi mọ́ínmọ́ín dí i lẹ́nu. Wọ́n fi gbohùngbohùn pe Tinúadé, ó sáré, ó gba ìlà kọjá ṣáájú gbogbo wọn. Ìyá àgbà gbé mọ́ínmọ́ín mì, ó la ẹnu, ọmọ sì kúnlẹ̀. Ọkùnrin tó fẹ́ fi àmì-ẹ̀yẹ kọ́ ọ lọ́rùn dúró tì í, ó dúró, ó dúró, títí ọwọ́ fi ń ro ó, nítorí pé màmá ò tíì dé ọ̀dọ̀ bàbá ńlá oníkòkò ẹṣin.

Nítorí náà, bí ọmọ yín bá sáré kọrí sójú títì, ẹ má wulẹ̀ lé e, ẹ kì í. Ẹsẹ̀ ló ń sáré, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ orúnkún Tinúadé, yóò sọ fún yín: orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni.