Ambasadọ Badrudeen àti Àgbò Niger

Bí ẹ bá wọ Ìwó tí ẹ kò tíì kí Alhaji Badrudeen, a jẹ́ pé ẹ kò tíì dé. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi. Bí ẹnikẹ́ni kò bá yin ni, kò burú kí èèyàn yin ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ti Alhaji ti kọjá díẹ̀díẹ̀.

Ambasadọ ló ní kí gbogbo ayé máa pe òun. Ambasadọ ibo? Ní ọdún kan báyìí, ó bá ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Maradi, ní orílẹ̀-èdè Niger. Ọjọ́ mẹ́ta ló lò níbẹ̀, ó sì fi méjì ààbọ̀ nínú rẹ̀ ṣe inú rírun. Ibi tó mọ̀ jù lọ ní Niger ni ṣáláńgá. Síbẹ̀, nígbà tó padà dé, ó di ẹni tó mọ ìlú àwọn ará Niger ju àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ lọ. Badru afagbádá-gbálẹ̀-kí-onílẹ̀-tó-jí! Badru a-mọ̀-ọ́n-tán-má-kù-síbì-kan!

Ohun kan ṣoṣo ló ń du Alhaji lóorun. Láti ọdún tó kọjá ni oyè Bàbá Àdínnì mọ́ṣáláṣí àdúgbò rẹ̀ ti ṣófo, àwọn àgbà sì ti ní lẹ́yìn Iléyá làwọn yóò yan ẹlòmíràn. Alhaji ti rán agbádá tí yóò fi joyè náà. Ó ti kọ́ bí yóò ṣe máa rìn pẹ̀lú. Ohun tó kù ni kí ẹnì kan fi oyè lọ̀ ọ́.

Bí àánú Ọlọ́run ṣe máa ń rí, ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 ni Niger, Mali àti Burkina Faso yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú ECOWAS, ẹgbẹ́ tí àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi ń bára wọn ṣèlú, tí wọ́n sì fi ń bára wọn ṣòwò. Iwájú ṣọ́ọ̀bù Mùrí, ẹni tó ń tún rédíò àti fóònù ṣe ní ìdojúkọ mọ́ṣáláṣí, ni àdúgbò ti ń jà á. Àwọn kan ní, "Kí wọ́n máa lọ, ọkùnrin ni wọ́n!" Àwọn mìíràn ní, "Ẹni tó bínú kúrò nínú ẹbí, ta ni yóò bá a gbé ìyàwó?" Lọ́jọ́ kan, Mùrí ní láti kó àwọn sukudíráfà rẹ̀ pamọ́ kí wọ́n má baà fi gún ara wọn.

Ọjọ́ náà gan-an ni Alhaji wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, gbogbo ojú sì yí sí i.

"Ẹ jẹ́ kí ẹni tó dé bẹ̀ rí sọ̀rọ̀. Bọ́dà ti tì pa! Láti ìsinsìnyí lọ, àgbò kan kò gbọdọ̀ ti Niger wọ Nàìjíríà láìní físà."

"Físà?" Mùrí ní. "Àgbò?"

"Físà, pásípọ́ọ̀tù, àti fọ́tò méjì."

"Iléyá wáá ńkọ́, Alhaji?"

"Háà! Ẹni tó bá rí ìrù àgbò lọ́dún yìí, kó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run."

Àbẹ̀ní, tó ń ta àlùbọ́sà ní ọjà Odò-Orí, wá gba fóònù rẹ̀ tó bàjẹ́. Ó kúnlẹ̀ kí Alhaji dáadáa.

"Ẹ má bínú, sà. Niger ni àlùbọ́sà tí mo gbà láàárọ̀ yìí ti wá. N ò rí fọ́tò kankan lára ẹ̀ o."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Alhaji gbé agbádá léjìká.

"Àlùbọ́sà yẹn ti wà lójú ọ̀nà kí òfin tó jáde. Ìwọ Àbẹ̀ní, ìṣèlú àgbáyé kì í ṣe ọ̀rọ̀ apẹ̀rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àmọ́ ẹni tó ń ru apẹ̀rẹ̀ ló mọ ohun tó wà nínú ẹ̀."

Bí wọ́n ṣe ń sọ èyí lọ́wọ́ ni rédíò kan lórí tábìlì Mùrí ń ka ìròyìn pé ECOWAS ti ní kí èèyàn àti ọjà ṣì máa lọ kí wọ́n máa bọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, títí àwọn yóò fi sọ ohun mìíràn.

"Mùrí, pa rédíò yẹn," ni Alhaji wí. "Bátìrì rẹ̀ ń lọ lásán."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ambasadọ gun ọ̀kadà, ó di Kuta. Ilé Bàbá Ògúntóyè ló kọ́kọ́ yà sí. Àgbẹ̀ ni bàbá yìí, wọ́n sì ní àgbò mẹ́rin tí wọ́n ń sìn de ìgbà tí Ayọ̀nitèmi ọmọ wọn yóò wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì.

"Bàbá, ẹ tètè ta àgbò yín o!" Alhaji ti rọra sọ ohùn rẹ̀ di ti aláàánú. "Niger ti kúrò nínú ECOWAS, kò sí ẹni tó lè dí wọn lọ́nà mọ́. Àgbò wọn yóò ya wọ̀lú bí omi òjò. Tó bá di Iléyá, ẹ ò ní rí ẹni tó máa bèèrè tiyín."

Bàbá Ògúntóyè ṣí fìlà, wọ́n họrí. "Ọ̀rọ̀ ìjọba rèé. Ẹni tó rìnrìn àjò ló mọ̀ ọ́n."

Wọ́n ta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún un ní ọ̀pọ̀. Kí n má parọ́, ibí yìí dùn mí. Àtijẹ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n kí èèyàn wo ojú bàbá arúgbó kó sì fi àánú rẹ́ ẹ jẹ, ìyẹn kọjá ẹ̀fẹ̀.

Ọ̀kadà náà gbé e dé Olúpọ̀nnà, ó sì tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ. Ní Ìwó, àgbò Niger kò ní wọlé. Ní Kuta àti Olúpọ̀nnà, àgbò Niger yóò ya wọlé. Bọ́dà tó ń ṣí tó tún ń tì yìí, ètè Alhaji ló wà.

Nígbà tí ọjọ́ Iléyá fi ń sún mọ́lé, àgbò méjìlélọ́gbọ̀n ló ti kó jọ. Ilé búrẹ́dì kan tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ wà lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ibẹ̀ ló kó wọn sí, ó sì ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ àfi ọ̀kan, èyí tó ń da èèpo ẹ̀gẹ́ gbà. Àsmá'ù ìyàwó rẹ̀, tí bàbá rẹ̀ fi ẹran ọ̀sìn tọ́ ọ dàgbà, kò lè pa á mọ́ra.

"Bàbá Hikmat, àgbò méjì ò lè mu omi nínú koto kan, ẹ wáá kó méjìlélọ́gbọ̀n sínú yàrá kan láìso wọ́n! Wọ́n máa kan ara wọn. Ẹ so wọ́n síta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀."

"Kí gbogbo ayé rí wọn? Kí ni màá wáá sọ pé ó wọ́n?"

"Wọ́n máa ṣe ara wọn léṣe o."

"Eré ìdárayá ni."

Láti ọjọ́ yẹn, Àsmá'ù ò tún sọ̀rọ̀ àgbò mọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Alfa Abdulqowiyy, ẹni tó ń ṣáájú ìrun ní mọ́ṣáláṣí náà, wá sílé Alhaji láti wádìí ọ̀rọ̀ oyè. Alhaji gbé omi tútù síwájú wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka iṣẹ́ rere rẹ̀. Kò tíì ka méjì tí nǹkan fi dún lẹ́yìn ilé: gbì!

"Kí nìyẹn?" ni Alfa bèèrè.

"Káfíńtà ni, Alfa."

Gbì! Gbì! Gbàgà!

"Ó jọ pé wọ́n pọ̀."

"Méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n," ni Alhaji wí kó tó rántí ara rẹ̀.

"Káfíńtà méjìlélọ́gbọ̀n?"

"Iṣẹ́ ńlá ni, Alfa."

Ọ̀kan nínú àwọn káfíńtà náà bá ké, "Mẹ̀ẹ̀ẹ̀!" Alfa mu omi wọn tán, wọ́n ṣàdúà, wọ́n lọ.

Jímọ̀ tó ṣáájú Iléyá ni Alhaji yàn. Bí wọ́n ṣe kírun tán, ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn síta, agbádá rẹ̀ sì gba àyè ènìyàn mẹ́ta.

"Ẹ̀yin ará Ìwó! Mo ti sọ fún yín, bọ́dà tì, àgbò ò sí. Ṣùgbọ́n nítorí ẹ̀sìn, mo fi ẹ̀mí mi wewu. Èmi Badrudeen kó àgbò la aṣálẹ̀ kọjá láti Niger wá fún yín! Ẹ ṣílẹ̀kùn!"

Wọ́n ṣílẹ̀kùn ilé búrẹ́dì. Òórùn ló kọ́kọ́ jáde, kí àwọn àgbò tó tẹ̀ lé e. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí Alhaji ti wo inú ibẹ̀ gbẹ̀yìn nítorí òórùn yẹn. Oòrùn ọ̀sán wá bá a fi gbogbo rẹ̀ hàn án lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: àwọn àgbò náà ti ṣe ara wọn léṣe.

Kó tó lè ti ilẹ̀kùn padà, ẹnì kan ké láàárín èrò. "Kọ́nsítébù!"

Bàbá Ògúntóyè ni, wọ́n wá ra àdá nílùú. Àgbò dúdú kan, tí bàbá ti sọ ní orúkọ yẹn, gbé orí sókè, ó tiro gba àárín àwọn yòókù kọjá, ó sì wá ń lá bàbá náà lọ́wọ́.

"Ó mà gbọ́ Yorùbá o," Àbẹ̀ní wí, "fún ẹni tó ti Niger wá."

"Alhaji," ni Bàbá Ògúntóyè wí, "ẹ̀yin lẹ ní àgbò Niger máa ya wọ̀lú, pé kí n tètè ta tèmi."

"Ní Kuta, bọ́dà ṣí?" Mùrí pariwo. "Ní Ìwó, ó tì?"

"Ìṣèlú àgbáyé," Alhaji ń làágùn, "ó máa ń ní... ó ní apá méjì."

Alfa Abdulqowiyy na ọwọ́ sókè. "Ẹ fi bọ́dà sílẹ̀ ná. Ẹran Iléyá, tí kò gbọdọ̀ lábùkù, ni wọ́n pè wá wá wò."

Wọ́n di àgbò kìn-ín-ní mú. Ìwo rẹ̀ ti ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń jáde lára rẹ̀. "Kò yẹ." Ojú kan ẹlẹ́ẹ̀kejì ti fọ́. "Kò yẹ." Ẹlẹ́ẹ̀kẹta kò lè fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀. "Kò yẹ." Ọ̀kan tí kò ní àpá kankan lára ni ojo inú wọn tí kì í jẹ́ kí àwọn yòókù rí òun mú. Kì í sún mọ́ oúnjẹ pẹ̀lú, gbogbo egungun ìhà rẹ̀ ló ṣeé kà. "Òun náà ò yẹ."

"Alfa!" Alhaji fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Ta ló ń jẹ ìwo?"

"Ọlọ́run ò jẹ ẹran ẹ̀ pàápàá, Alhaji. Àmọ́ èyí tẹ́ ẹ ò lè so síwájú àlejò yín, ṣé Òun lẹ fẹ́ fún?"

Mikail alápatà nawọ́ sókè láti ẹ̀yìn. "Alhaji, mo lè bá yín rà á bí ẹran ọbẹ̀." Ẹ̀rín tó bẹ́ sílẹ̀ lé ẹyẹlé kúrò lórí mọ́ṣáláṣí.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ni Àbẹ̀ní wí nígbà tó rí àyè, "ọkọ̀ àgbò méjì já ẹrù sí Odò-Orí láàárọ̀ yìí. Àwọn àti àlùbọ́sà mi ni wọ́n jọ ti Niger dé." Kí ó tó pa ẹnu dé, àwọn kan ti gun kẹ̀kẹ́.

Alfa sún mọ́ Alhaji, wọ́n rọra sọ̀rọ̀. "Ẹ lọ tẹ́ bàbá yẹn lọ́rùn ní ti àgbò ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹni tó ń wá oyè Bàbá Àdínnì, kó kọ́kọ́ ní àgbò kan ṣoṣo tó yẹ."

Kí ni Alhaji ì bá ṣe? Ó san ìyókù owó àgbò fún Bàbá Ògúntóyè, ó bọ́ agbádá sílẹ̀, ó fa fìlà bojú, ó tẹ̀ lé Àsmá'ù lọ sí Odò-Orí. Gbogbo àdúgbò ló ti wà níbẹ̀. Málàm Sahabi, oníṣòwò ará Niger tó ti ń bá wọn ná ọjà náà láti ọdún pípẹ́ wá, fa àgbò funfun kan lé e lọ́wọ́. Ìwo àgbò náà pé, ojú rẹ̀ mọ́, ó sì sanra.

"Bàbá, ọjà lọ dáadáa lọ́dún yìí," ni Málàm wí. "Wọ́n ní Alhaji kan wà níbí tó bá wa kó gbogbo àgbò ará oko kúrò lọ́jà, àwa nìkan ló wáá kù. A fẹ́ lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n ń pè é ní Ambasadọ. Ẹ mọ̀ ọ́n?"

Alhaji wo ọ̀tún, ó rí Mùrí. Ó wo òsì, Alfa ló rí. Gbogbo ọjà na etí kí wọ́n lè gbọ́ ìdáhùn.

"Ambasadọ?" ni Alhaji Badrudeen wí, ó sì fa fìlà rẹ̀ wálẹ̀ sí i. "N ò mọ̀ ọ́n rí."

Àsmá'ù, tó bá a di okùn àgbò mú, ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.