Làpálàpá Kì Í Ṣe Ẹgbẹ́ Fláwà

Ẹ bá mi kí Mísítà Ọlábọ̀dé, A-gbé-Ajégúnlẹ̀-kọ-Apápá-sórí-lẹ́tà, àgbà akọ̀wé ní ilé iṣẹ́ kan tó ń gbẹ́rù jáde ní wáàfù. Bí ẹ ò bá tiẹ̀ ráyè kí i, kò burú, òun fúnra rẹ̀ ti kí ara rẹ̀ nínú dígí láàárọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá máa kí i, ẹ fi "Mísítà" ṣáájú, torí ẹni tó bá pè é ní Ọlábọ̀dé lásán, ó di ọ̀sẹ̀ kejì kó tó dá olúwarẹ̀ lóhùn. Táì kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ìbáà ṣe ọ̀sán Sátidé, ìbáà ṣe omi ló fẹ́ lọ pọn.

Lọ́dún tí àfikún owó oṣù tí wọ́n ń pè ní Údójì dé, tí gbogbo akọ̀wé ń ra ohun tí wọn kò ní àyè tí wọ́n máa gbé e sí, Ọlábọ̀dé ní mọ́tò lòun fẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, Mísítà Onoriode, ní ilé iṣẹ́ yóò bá a ra mọ́tò, ó kù kí òun wá fojú ara òun rí ibi tí mọ́tò náà yóò máa sùn.

Ibi tí mọ́tò yóò sùn gan-an ni kò sí. Láàárín ilé Ọlábọ̀dé àti ọgbà làpálàpá tó fi bá aládùúgbò rẹ̀ pààlà, kẹ̀kẹ́ ológeere nìkan ló lè gba ibẹ̀, bí ẹni tó gùn ún bá fa ikùn wọlé. Lódì kejì ọgbà náà ni Philomena, ìyá Ebiere, ń gbé. Opó ni, Wárì ló ti wá, ẹja ló ń yan tà. Ààrò amọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí ìdí làpálàpá, ààrò yìí ló sì fi ń bọ́ ọmọ mẹ́ta.

Nígbà tí wọ́n gé ilẹ̀ fún wọn, ta ló ń wá awọnlẹ̀? Bàbá Ìbídàpọ̀, àgbà ẹbí onílẹ̀, ló fọwọ́ ara rẹ̀ ki ọ̀pá làpálàpá bọlẹ̀ lójú gbogbo àdúgbò. Ó ní, "Ààlà yín nìyí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ hú u." Àwọn ọ̀pá náà ta gbòǹgbò, wọ́n di ọgbà, ọ̀rọ̀ sì parí.

Ọlábọ̀dé ro ọ̀rọ̀ yìí títí, orí akọ̀wé sì bá a ṣe é. Bàbá ní kí wọ́n má hú u. Bàbá kò ní kí wọ́n má gé e.

Ó lọ sí ìpàdé àwọn onílé, ó dìde, ó gba imú sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìtìjú ni làpálàpá jẹ́ fún àdúgbò yìí. Bí ènìyàn bá jẹ èso rẹ̀, inú ṣáláńgá ni yóò sùn. Ẹ lọ wo ọgbà àwọn ọ̀gá ní Apápá. Haibísíkọ́ọ̀sì ni. Fláwà pupa, ó fẹ̀ tó àwo ọbẹ̀. Làpálàpá kì í ṣe ẹgbẹ́ fláwà."

"Ọ̀gá," Philomena dá a lóhùn, "oje làpálàpá la fi ń nu ẹnu ọmọ tí ẹnu rẹ̀ bá funfun. Fláwà yín ńkọ́, wetin e dey do?"

"Wọ́n máa ń wò ó ni."

"Bí wọ́n bá wò ó tán ńkọ́?"

"Wọ́n á tún un wò, Màdáámù. Ọ̀làjú nìyẹn."

Bàbá Ìbídàpọ̀, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, béèrè ibi tó fẹ́ gbin fláwà náà sí.

"Ibi tí làpálàpá wà náà ni, Bàbá. Ibẹ̀ gan-an. Ṣé èmi Ọlábọ̀dé ni mo máa wá máa jí ilẹ̀ opó?"

Kò sẹ́ni tó bi í léèrè olè. Òun ló fẹnu ara rẹ̀ dá a sílẹ̀.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Philomena lọ sìnkú bàbá rẹ̀ ní Wárì, ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Kó tó dé, Ọlábọ̀dé ti gé làpálàpá mọ́lẹ̀, ó ti da yanrìn bo kùkùté rẹ̀, ó ti wó ààrò, ó sì ti gbin haibísíkọ́ọ̀sì ní ìlà gbọọrọ sí ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún nínú ilẹ̀ opó. Philomena wọlé, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ọ̀gá, ààrò mi dà? Na here e dey, níbí gan-an."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màdáámù, ọ̀fọ̀ ló ń dà yín láàmú. Ibi tí fláwà wà yìí ni làpálàpá wà látilẹ̀. Ààrò yín ló yà wọ ilẹ̀ mi."

Philomena sunkún lọ́jọ́ yẹn, ẹkún tó ká ènìyàn lára. Níbo ni yóò ti yan ẹja, kí sì ni àwọn ọmọ yóò jẹ? Ó gba ilé Bàbá Ìbídàpọ̀ lọ.

"Mi ò ríran mọ́, ọmọ mi," Bàbá ní. "Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, màá wá fọwọ́ tọ ààlà náà. Igi tí ọwọ́ mi bá bá níbẹ̀, òun ni màá ní kí wọ́n kọ sínú ìwé fún ẹ̀yin méjèèjì."

Nígbà tí Ọlábọ̀dé gbọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Igi wo ló tún wà níbẹ̀ bí kò ṣe fláwà tirẹ̀? Ó ní kí Mísítà Onoriode náà wá lọ́jọ́ yẹn, kó wá wo ibi tí mọ́tò yóò sùn.

Ṣùgbọ́n òjò rọ̀. Kùkùté tí wọn kò hú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ̀mùnú. Láràárọ̀, Ọlábọ̀dé a ju táì sẹ́yìn èjìká, a lóṣòó, a máa já ọ̀mùnú bí ẹni ń já gbúre.

"Ẹ̀fọ́ wo lẹ ń já, bàbá Gladys?" Morádéún, ìyàwó rẹ̀, bi í.

"Èpò ni."

"Èpò ló tò báyìí? Bí a bá ń gé igi nígbó, ká fi ọ̀ràn ro ara ẹni wò o."

"Obìnrin kò mọ nǹkan kan nípa gádìnnì."

Ọdún yẹn náà ni ọkọ̀ òkun tó ru sìmẹ́ǹtì ya bo Èkó, tí iṣẹ́ wáàfù di àṣesùn àṣejí. Ọjọ́ méjìlá gbáko ni Ọlábọ̀dé fi sùn sórí tábìlì ní Apápá. Ó ránṣẹ́ sílé pé kí Morádéún máa bá òun já èpò. Morádéún ránṣẹ́ padà pé obìnrin kò mọ nǹkan kan nípa gádìnnì.

Àwọn ewúrẹ́ àdúgbò mọ̀ ọ́n ní tiwọn. Ewúrẹ́ kì í fẹnu kan làpálàpá, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń fi í ṣe ọgbà. Akọ̀wé wa tó mọ orúkọ fláwà lédè òyìnbó kò mọ èyí. Ewúrẹ́ wọlé, wọ́n jẹ ewé fláwà, wọ́n jẹ òdòdó rẹ̀, wọ́n bó èèpo igi rẹ̀ jẹ. Bí wọ́n bá ń kọjá lára ọ̀mùnú làpálàpá, wọ́n á gbé imú yẹ̀ ẹ́.

Sátidé dé. Mọ́tò Mísítà Onoriode ló gbé Ọlábọ̀dé wálé láti wáàfù, láti Creek Road ló sì ti ń ròyìn fláwà. "Bí ẹ bá rí i, sà, ẹ ó rò pé Apápá lẹ ṣì wà." Àdúgbò ti pé jọ. Philomena dúró láàárín àwọn ọmọ rẹ̀.

Ọlábọ̀dé wo ibi tó gbin fláwà sí. Ọ̀pá gbígbẹ ló rí, bí ìgbálẹ̀ tó ti gbó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tirẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún sí ìhín, làpálàpá tò láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ga dé orúnkún, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀.

Bàbá Ìbídàpọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ilé wọlé. Ọ̀pá rẹ̀ kan nǹkan, ó bẹ̀rẹ̀, ó já ewé kan, ó fi oje rẹ̀ ra ìka, ó gbé e símú.

"Èyí ni mo gbìn."

"Èpò ni, Bàbá. Ẹ sún síwájú, fláwà ni ààlà."

"Èpò tí mo fọwọ́ ara mi gbìn?" Bàbá ka ẹsẹ̀ márùn-ún, ọwọ́ rẹ̀ ba igi gbígbẹ. "Kí ló jẹ eléyìí?"

"Ewúrẹ́ ni, Bàbá."

"Ewúrẹ́ ta ni?"

Morádéún ló dáhùn. "Tiyín ni, Bàbá."

Ẹ̀rín sọ láàárín èrò. Bàbá kò rẹ́rìn-ín.

"Ewúrẹ́ mi jẹ, ó relé. Ìwọ jẹ ilẹ̀ opó, o tún pe èmi àti ọ̀gá rẹ wá wò ó."

Ọlábọ̀dé la ẹnu, ohun tó sì yẹ kó gbé mì ló bọ́ jáde. "Bàbá, hú lẹ ní ká má hú u. Mi ò hú u. Mo gé e ni."

Ìjẹ́wọ́ dé, kò sẹ́ni tó nà án. Mísítà Onoriode fojú wọn àyè tó wà láàárín ilé àti làpálàpá.

"Mr. Ọlábọ̀dé, kẹ̀kẹ́ ló lè sùn síbí," ó ní. Ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ.

"Ta ló wó ààrò obìnrin yìí?" Bàbá tún béèrè.

"Èmi ni, Bàbá. Lọ́jọ́ Ajé, màá pe bíríkìlà kan..."

"Ìwọ lo wó o, ìwọ ni wàá mọ ọ́n. A dúró dè ọ́."

Báyìí ni Mísítà Ọlábọ̀dé ṣe ká ṣòkòtò sókè lójú gbogbo Ajégúnlẹ̀, tó ń fẹsẹ̀ po amọ̀, tí ẹnu táì rẹ̀ ń tọ́ ọ wò. Kò mọ ààrò rí láyé rẹ̀. Nígbà tó mọ ọ́n tán, ẹnu ààrò náà kọjú sí fèrèsé pálọ̀ tirẹ̀ gan-an. Gbogbo èrò rí ibi tí èéfín ẹja yóò máa gbà.

Philomena yí ààrò náà po lẹ́ẹ̀kan, ó wo ẹnu rẹ̀, ó wo fèrèsé.

"E do like that, Ọ̀gá, ó ti dára bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣeun," ó ní, ó sì lọ kó igi ìdáná wá.