Ọjọ́ Tí Mo Dín Àkàrà fún Ìyá Ìyàwó Mi

Ọjọ́ Sátidé kan wà tó ti lẹ̀ mọ́ mi lọ́kàn bí ògì tó jóná mọ́ ìdí ìkòkò. Mo ti ha á títí, kò ṣí. Títí dòní, bí òórùn òróró gbígbóná bá ta sí mi nímú láàárọ̀, ara mi á kọ́kọ́ rẹ̀ ná kí n tó rántí ohun tó fà á.

Ilé-iṣẹ́ ọṣẹ kan ni mo ń bá ṣiṣẹ́ nígbà yẹn, ní àdúgbò àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní Ìkòròdú. Ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, yàtọ̀ sí Sátidé, ni mo fi ń gbé páálí. Bí mo bá fi máa délé nírọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ mi á ti wú, ẹ̀yìn á máa ro mí. Bùkọ́lá ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni. Ọmọ náà, Ìrètí, kò tíì pé oṣù mẹ́ta, kì í sì í jẹ́ kí ìyá rẹ̀ sùn. Àwa méjèèjì ti rẹ̀ tán nínú yàrá kan ṣoṣo, olúkúlùkù sì rò pé tòun ló pọ̀ jù.

Mo délé lọ́jọ́ Ẹtì kan, mo bá abọ́ àárọ̀ nílẹ̀, aṣọ ọmọ wà káàkiri orí àga. Ẹnu mi ò gbọ́ tèmi. Mo ní, "Bùkọ́lá, kí lo tiẹ̀ ń ṣe nílé látàárọ̀?"

Mi ò mọ̀ pé ìyá rẹ̀ ti dé. Abúlé apẹja kan létí ọ̀sà, lápá Ẹ̀pẹ́, ni Màmá ń gbé. Wọ́n wá wo ọmọ, wọ́n sì wà ní balùwẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ. Wọ́n jáde, wọ́n ró ìró mọ́ àyà, wọ́n wò mí láti orí délẹ̀. Wọn ò pariwo. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

"Bàbá Ìrètí, ẹ kú iṣẹ́ o," ni wọ́n wí. "Ọmọ mi ti gbẹ. Tó bá di ọ̀sán ọ̀la, èmi àti òun àti ọmọ ọwọ́ rẹ̀ á jọ lọ sílé. Ẹ jẹ́ kó lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ mi, kó sinmi."

Mo wo Bùkọ́lá, mo rò pé á kọ̀. Ó ń fọ́mọ lọ́mú, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

Ní kùtù Sátidé, Màmá lọ sí ibùdókọ̀ Benson nítòsí wa láti kí àbúrò wọn kan tó ń ta ẹja yíyan. Bùkọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí oorun díẹ̀ sùn. Ìrètí ní tirẹ̀ la ojú kalẹ̀, ó ń wò mí bí ọ̀gá ibiṣẹ́. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n kan ti sọ sí mi nínú: màá dín àkàrà, màá po ògì. Bí Màmá bá dé tí wọ́n bá oúnjẹ gbígbóná nílẹ̀, wọ́n á rí i pé èmi náà lè tọ́jú ìyàwó mi. Mi ò dín àkàrà rí láyé mi. Ṣùgbọ́n láti kékeré nílùú Ìkìrun ni mo ti ń jẹ ẹ́, mo sì gbà pé ẹni tó ti jẹ nǹkan tó bẹ́ẹ̀ ti mọ̀ ọ́n ṣe tán.

Kí ọmọ má bàa sunkún jí ìyá rẹ̀, mo pọ̀n ọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìró tú. Nígbà tó wá dúró, Ìrètí ti yọ̀ wálẹ̀ débi ìdí mi, ó rọ̀ síbẹ̀ bí àpò sìmẹ́ǹtì tó ń wá ẹni tó máa sọ̀ ọ́. Mo gbé ẹ̀wà wá, mo da omi tó ń hó lé e lórí, mo ní kí èèpo rẹ̀ lè tètè bó. Èèpo náà lẹ̀ mọ́ ẹ̀wà bí ẹni pé wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ ni. Mo bó o, mo bó o, ìka mi fẹ́ẹ̀ lè bó tẹ̀lé e. Nígbà tó sú mi, mo gbà pé èèpo díẹ̀ ò lè pa ènìyàn.

Ibi tí wọ́n ti ń lọ ata ò jìnnà sílé wa. Obìnrin tó ni ẹ̀rọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ata rodo fún ẹnìkan tán ni. Ó wo ẹ̀wà mi, ó wo ọmọ tó rọ̀ sídìí mi.

"Bọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fọ ẹ̀rọ."

"Ẹ má ṣèyọnu. Ṣebí a ṣì máa fi ata sí i náà ni."

"Omi ńkọ́? Ṣé díẹ̀ ni kí n dà sí i?"

"Ẹ dà á sí i dáadáa," ni mo wí, "kó lè kúnná."

Ó dákẹ́, ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì ṣe ohun tí mo ní kó ṣe. Bí oníṣẹ́ bá dákẹ́ fún ènìyàn báyẹn, ó ti fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́ nìyẹn.

Mo padà sí ilé ìdáná tó wà lẹ́yìnkùlé, mo gbé òróró kaná. Mo bu ṣíbí àkọ́kọ́ sínú agbada. Kò ṣù rárá. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó rìn lọ sétí agbada, ó sì dúró síbẹ̀ bí ẹní tí wọ́n tẹ́ fún àlejò. Èkejì lọ bá a. Mo tọ́ ẹ̀wà tútù náà wò bóyá iyọ̀ ló kù, ata ta ahọ́n mi débi pé mi ò mọ iyọ̀ yàtọ̀ sí ṣúgà mọ́. Mo kúkú fi iyọ̀ kún un.

Mo wá rántí pé gàárì máa ń fa omi mu. Mo da abọ́ gàárì Ìjẹ̀bú kan sí i, mo rò ó. Ó ki. Mo fi òmíràn kún un kó lè dá mi lójú. Àwọn àkàrà tó jáde lẹ́yìn ìyẹn rí roboto, wọ́n pọ́n, wọ́n dùn ún wò. Inú mi dùn títí mo fi sọ ọ̀kan sínú àwo tó sì dún kò! bí òkúta.

Mo fi agbada sílẹ̀ lórí iná kí n lè wo ògì tí mo gbé ka iná kejì. Inú omi híhó ni mo da ògì sí láìpò ó, ó sì ti di kókó wọ̀ǹtìwọ̀ǹtì. Ibi tí mo ti ń fi ẹ̀yìn ṣíbí lé kókó kiri ìkòkò ni èéfín ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára òróró lẹ́yìn mi. Àlàájì tó ni ilé tajú kán láti ojú fèrèsé rẹ̀.

"Iná! Iná o! Ẹ gbà wá!"

Kí n tó yí padà, bàbá náà ti dé pẹ̀lú garawa yanrìn tó kù níbi tí wọ́n ti ń tún ọgbà ṣe.

"Àlàájì, kì í ṣe iná! Àkàrà ni!"

"Àkàrà wo ló ń rú èéfín báyìí?"

Ó da yanrìn náà. Díẹ̀ bọ́ sínú agbada, díẹ̀ bọ́ sórí iná gáàsì, ó sì pa á lóòótọ́. Èyí tó pọ̀ jù balẹ̀ sínú ògì. Ibi tí èmi àti Àlàájì ti ń wo ìkòkò náà ni Màmá ti wọlé, wọ́n gbé ẹja yíyan lọ́wọ́.

Wọ́n kọ́kọ́ sọ ọmọ kúrò lẹ́yìn mi. Wọ́n wò ó lójú, wọ́n wò ó nídìí. Ìrètí ti sùn lọ fọnfọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá wo ògì.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ni mo wí. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí yanrìn tó kù nílẹ̀. "Ohun tí mo sọ lánàá, mi ò tún ní sọ ọ́ mọ́. Iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta péré ni mo ṣe yìí, mi ò sì mọ orí mi mọ́."

Ètè Màmá gbọ̀n díẹ̀. Mo rò pé ẹkún ni, àṣé ẹ̀rín ni. Wọ́n rín in títí wọ́n fi jókòó sórí àpótí.

Ìgbà yẹn ni Bùkọ́lá yọ sẹ́nu ọ̀nà. "Aago mélòó ló lù?"

"Mọ́kànlá ti kọjá," ni Àlàájì dá a lóhùn.

Ó dì mọ́ férémù ilẹ̀kùn. "Mọ́kànlá? Mo sùn di aago mọ́kànlá?" Omi bọ́ lójú rẹ̀. "Láti ọjọ́ tí mo ti bímọ, mi ò tíì sùn tó báyìí rí."

Búrẹ́dì àti ẹja Màmá la padà jẹ. Ṣùgbọ́n Bùkọ́lá mú àkàrà kan, ó ní iṣẹ́ ọkọ òun ò gbọdọ̀ ṣòfò. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń jẹ eegun, ata sì fún un ní omi ojú mìíràn.

"Bàbá Ìrètí, ẹ ṣeun gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, tó bá tún di Sátidé, ẹ kàn bá mi gbé ọmọ."

Màmá ò mú un lọ mọ́. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mú ọmọ àwọn lọ sinmi ni, àṣé ọkọ rẹ̀ ni àwọn gbọ́dọ̀ dúró kọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi kọ́ mi: bí wọ́n ṣe ń pọn ọmọ, bí wọ́n ṣe ń po ògì, àti ìgbà tó yẹ kí ọkùnrin pa ẹnu mọ́.

Ohun tí mo kọ́ ò ju èyí lọ: ẹni tó ti rẹ̀, má bi í léèrè ohun tó ṣe látàárọ̀, gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀ ná. Èmi fúnra mi jẹ mẹ́ta nínú àwọn àkàrà yẹn lọ́jọ́ náà, nítorí ojú ń tì mí láti dà wọ́n nù. Ẹ̀kẹta ló kán eyín mi kan, lápá òsì. Bí mo bá ń rẹ́rìn-ín báyìí, mo máa ń fọwọ́ bo ibẹ̀.