Ọkùnrin Tó Di Ìka Ìyàwó Mi Mú

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ọjọ́ tí mo ti lò nílùú yìí, mi ò jẹ́ gbàgbé ọjọ́ tí mo wọ kóòtù sin ìyàwó mi lọ tẹ̀ka, tó jẹ́ pé èmi ni mo padà sílé pẹ̀lú ọwọ́ dúdú. Títí di òní, tí mo bá rántí rẹ̀ nídìí ọkọ̀, èmi nìkan á bú sẹ́rìn-ín, àwọn èrò bọ́ọ̀sì mi á sì máa wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti fẹ́ yí.

Bọ́ọ̀sì ni mo ń wà ní Peckham, nílùú òyìnbó níbí. Ìyá Àíṣà, ìyàwó mi, nọ́ọ̀sì ni. Nígbà tí òtútù àti iṣẹ́ òru sú u, ó ní Amẹ́ríkà ló kàn. Ó ṣe ìdánwò wọn, ó yege. Ọsibítù kan ní ọ̀hún ní àwọn fẹ́ gbà á. Ó wá ku ẹyọ ohun kan ṣoṣo: wọn ò ní fún un ní láísẹ́ńsì àfi tó bá tẹ ìka rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ránṣẹ́, kí ọlọ́pàá wọn lè wò ó bóyá ó ti hùwà ọ̀daràn rí. Wọ́n fi káàdì tí yóò tẹ̀ ẹ́ sí ránṣẹ́, wọ́n fi òmíràn tì í nítorí àṣìṣe, wọ́n sì ní kó padà dé ọwọ́ àwọn kí oṣù tó parí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn á gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn.

Ó wá ẹni tó ń tẹ̀ka kàn lẹ́bàá Old Kent Road. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó kọ́kọ́ lọ, a ń jẹun lọ́wọ́, ó ní, "Bàbá Àíṣà, ọ̀gbẹ́ni yẹn mà mọ iṣẹ́ o. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló di ọwọ́ mi mú, ó ń mú ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí n má le ara, kí n ju ọwọ́ sílẹ̀ fún òun."

Mo dá òkèlè padà sínú abọ́. Mo mu omi. Mo ní, "Ṣé kò sí obìnrin níbẹ̀ ni?"

"Rárá o, Desmond nìkan ló wà níbẹ̀."

Desmond! Ó ti mọ orúkọ rẹ̀! Èmi tí mo fẹ́ ẹ, ó tó oṣù mélòó kan kó tó lè pe orúkọ mi láìwo ilẹ̀.

Àmọ́ ìlà ìka rẹ̀ ò yọ lórí bébà. Gbogbo ọdún tó ti fi ń fọwọ́ ní ọsibítù látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ọṣẹ àti ọtí tí wọ́n fi ń pa kòkòrò ti jẹ ìlà ìka rẹ̀ tán. Desmond dán an wò lórí bébà lásán, ó rí i pé kò hàn, ló bá ní òun ò ní fọwọ́ kan ojúlówó káàdì títí ọwọ́ náà á fi sàn. Ó ní kó máa fi òrí pa á láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó ní kó má fọ abọ́. Ó ní kó má fọ aṣọ. Ó ní kó má tilẹ̀ bó iṣu.

Ẹ bá mi dá sí i, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọkùnrin kan wà níbì kan tó ń pàṣẹ nínú ilé mi, èmi ni mo sì ń jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀! Èmi ni mo ń fọ abọ́, èmi ni mo ń ha ìdí ìkòkò, èmi ni mo ń fọ tòlótòló kí n tó gbé e kaná. Ìyá Àíṣà á jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, á na ọwọ́ síta, á máa fi òrí ra ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á máa gbé e sókè wò lábẹ́ iná. Ọwọ́ náà ń dán. Ta ló ń dán an fún? Ìbéèrè tí mo ń bi ara mi nìyẹn pẹ̀lú fóòmù ọṣẹ lápá. Bí mo bá ní kó bá mi mú ṣíbí, á ní, "Desmond ní kí n sinmi ọwọ́." Desmond ní, Desmond ní! Àíṣà, ọmọ wa tí wọ́n bí síbí, ò tiẹ̀ fi bò. Ó ní, "Daddy, ẹ ń jealous, innit?" Mo ní kó lọ kàwé rẹ̀.

Ó tún lọ lẹ́ẹ̀kejì. Desmond ní ọwọ́ náà ti ń bọ̀ sípò, àmọ́ kò tíì tó. Kó tún padà wá. Ẹ̀ẹ̀kan, mo gbà. Ẹ̀ẹ̀kejì, mo pa á mọ́ra. Ẹ̀ẹ̀kẹta? Mo gbé ọ̀rọ̀ lọ bá Alfa wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Kí n sọ òótọ́, mi ò wá ìmọ̀ràn lọ, mo fẹ́ kí ẹ̀sìn bá mi jà ni.

Mo ní, "Alfa, ọkùnrin kan tó ń di ọwọ́ ìyàwó oníyàwó mú, kí lẹ̀sìn wí?"

Alfa ní, "Níbo ló ti dì í mú?"

Mo ṣàlàyé. Alfa tún bi mí ní ìbéèrè kan. Ó ní, "Ìyàwó rẹ, ṣé kì í wẹ àwọn bàbá tó ń ṣàìsàn ní ọsibítù?"

"Ó ń wẹ̀ wọ́n."

"Ìyẹn ò bí ọ nínú?"

"Alfa, àwọn yẹn ò lè dìde!"

Alfa rẹ́rìn-ín títí ó fi mú fìlà rẹ̀ kúrò lórí. Ó ní, "Bàbá Àíṣà, ò ń jowú ni. Má fi ẹ̀sìn bò ó mọ́lẹ̀. Lọ sin ìyàwó rẹ débẹ̀, kí ọkàn rẹ lè balẹ̀."

Mo ń jowú lóòótọ́. Owú náà ò sì mọ ní ti Desmond nìkan. Amẹ́ríkà gan-an ni mo ń jowú. Odidi ọsibítù ń wá ìyàwó mi lójú méjèèjì, wọ́n ń kọ lẹ́tà sí i, wọ́n ń bi í léèrè ìgbà tó máa dé. Ta ló ń wá awakọ̀ bọ́ọ̀sì? Ẹ̀rù ń bà mí pé á lọ síbi tí wọ́n ti mọyì rẹ̀, á sì gbàgbé mi sí Peckham bí ẹni gbàgbé agbòòrùn. Mi ò sọ èyí fún ẹnì kankan. Abọ́ ni mo ń fọ, tí mo ń gbé e kalẹ̀ gbàgà-gbàgà.

Nígbà tó di ọjọ́ tó máa lọ lẹ́ẹ̀kẹta, oṣù ti ń parí lọ. Mo gbé kóòtù tí mo wọ̀ níjọ́ ìsọmọlórúkọ Àíṣà jáde. Ọmọ ti dàgbà, ikùn èmi náà ti dàgbà. Mo fà á, mo mí sínú, bọ́tìnnì kan gbà, èkejì ò gbà. Mo wá da lọ́fínńdà sára. Mo dà á sí ọrùn, mo dà á sí ọwọ́, mo tún dà á sí ìdí kóòtù níbi tó ti ń run káńfọ̀.

Ìyá Àíṣà wò mí tìyanu-tìyanu. "Bàbá Àíṣà, ta ló ń ṣègbéyàwó?"

"Mo kàn fẹ́ sìn ẹ́ lọ ni. Ṣé ó burú?"

Nínú bọ́ọ̀sì, obìnrin tó jókòó níwájú wa ṣí fèrèsé nínú òtútù. Ìyàwó mi sín, ó tún sín. Mo ṣe bí ẹni pé mi ò mọ nǹkan kan.

Òkè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta táìsì tí wọ́n fi ń tẹ́ ilẹ̀ ilé ni ọ́fíìsì náà wà. Bí a ti ń gun àtẹ̀gùn lọ, mo ń gbàdúrà pé kí Desmond jẹ́ arúgbó, tàbí kó burẹ́wà, tàbí kó kàn kúrú díẹ̀. Àdúrà náà ò gbà. Ọkùnrin gíga, adúmáadán, eyín funfun báláú, ó ká ọwọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, apá rẹ̀ le bí òpó! Ohùn rẹ̀ wá tutù lọ́fun bí omi àmù. Òyìnbó la jọ ń sọ, mo kàn ń tú u fún yín ni.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ̀yin ni ọkọ? Ìyàwó yín máa ń sọ̀rọ̀ yín."

Àyà mi wú. "Kí ló máa ń sọ?"

"Pé ẹ̀yin lẹ ń fọ gbogbo abọ́."

Àyà náà wọlé padà.

Ó na ọwọ́ sí ìyàwó mi. Mo ní, "Dúró ná. Ṣé dandan ni kó o dì í mú? Sọ fún un bó ṣe máa ṣe é, kó dá a ṣe." Ó ní bí èèyàn bá dá a tẹ̀, ara máa ń le, tàdáwà á sì fọ́n káàkiri. Mo ní, "Ó dáa, èmi á dì í mú. Èmi ni ọkọ rẹ̀." Ìyá Àíṣà ní, "Bàbá Àíṣà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jókòó." Mi ò jókòó. Desmond ò bínú. Ó ní, "Ẹ mú ọwọ́ yín wá, sà, kí n fi hàn yín bó ṣe rí."

Mo na ọwọ́ sí i bí akíkanjú. Ó mú àtàǹpàkò mi, ó yí i nínú tàdáwà, ó wá yí i sórí bébà lásán láti etí èékánná kan dé èkejì, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń gbé ọmọ jòjòló. "Ẹ má le ara, sà. Ẹ ju ọwọ́ sílẹ̀ fún mi." Mo jù ú sílẹ̀. Ẹ wò ó, ọwọ́ tó ń di sítíárì mú látòwúrọ̀, tó tún wá ń ha ìkòkò nírọ̀lẹ́, mi ò mọ̀ pé ó rẹ̀ ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó máa dé ìka kẹta, ojú mi ti ń pa dé. Ìyá Àíṣà ló fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhà.

Ojú tì mí, ìtìjú náà sì di ìbínú. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo ń ṣọ́ wọn. Desmond mú ojúlówó káàdì jáde, ó mú àtàǹpàkò ìyàwó mi, ó yí i, ó gbé e kúrò. Ìlà ìka yọ kedere! Ìyá Àíṣà pariwo, "Ó yọ! Desmond, ó yọ!" Desmond rẹ́rìn-ín, ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ń wo ojú ara wọn. Èmi tí mo fọ abọ́ tó mú ìlà ìka náà yọ, kò sẹ́ni tó wojú mi. Wọ́n tẹ ìka kejì, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Ara mi ò gbà á mọ́. Mo ní kí n sún mọ́ wọn wò ó dáadáa, mo ki orí bọ àárín wọn, mo sì fọwọ́ ti tábìlì.

Tábìlì kọ́ ni mo fọwọ́ tì. Káàdì ni. Ọwọ́ tí tàdáwà ò tíì gbẹ lára rẹ̀ ni.

Nígbà tí mo gbé ọwọ́ kúrò, ìka mi ló wà lórí ìka ìyàwó mi, ó hàn kedere, ó dára ju tirẹ̀ lọ. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo tó gbà lára kóòtù mi já, ó bọ́ sílẹ̀, ó ń yí lọ.

Ká ní Ìyá Àíṣà bú mi ni, ǹ bá rí nǹkan sọ. Kò bú mi. Ó ń wo káàdì náà, omi lé ròrò sí i lójú. Desmond rọra mú káàdì tó kù jáde. Ó ní, "Èyí nìkan ló ṣẹ́ kù o." Àmọ́ ara ìyàwó mi ti le pátápátá. Ó gbìyànjú lórí bébà, gbogbo rẹ̀ fọ́n. Ó tún gbìyànjú, ó fọ́n. Desmond wá kọjú sí mi, ó ní, "Sà, mo bẹ̀ yín, ẹ dúró de wa níta."

Mo jáde. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú kóòtù tó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Àwọn tó wá ra táìsì ń wo ọwọ́ mi láti ìsàlẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti wá yé mi. Iṣẹ́ tí obìnrin yìí fi oorun rẹ̀ wá, ìdánwò tó fi àárẹ̀ kà fún, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi bà á jẹ́ yìí. Mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì sókè, èyí tó dúdú àti èyí tó mọ́, mo ní, "Yá Ọlọ́run, jẹ́ kí Desmond rí ọwọ́ ìyàwó mi dì mú dáadáa. Kó dì í mú pinpin. Bó bá gba àkókò, kó gbà á."

Ẹ rí ayé? Àdúrà tí ẹnu mi gbà nìyẹn.

Ó pẹ́ kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ìyá Àíṣà jáde, ó ní, "Ó yọ," ó sì ń sọ̀kalẹ̀ lọ. Mo tẹ̀ lé e.

Òkè bọ́ọ̀sì la jókòó sí. Mo ní, "Má bínú. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo rò pé tó o bá débẹ̀, o ò ní rántí mi mọ́."

Ó ń nu ọwọ́ rẹ̀ títí a fi kúrò lójú ọ̀nà ńlá. Ó wá ní, "Ọkùnrin tó di ọwọ́ mi mú torí iṣẹ́ rẹ̀ lẹ ń jowú. Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Ìgbà wo lẹ di ọwọ́ yìí mú gbẹ̀yìn?"

Mo ń ka ibùdókọ̀ tí mo mọ̀ bí ẹní mowó. Mo bá na ọwọ́, mo di tirẹ̀ mú. Ó ní, "Ẹ ń fi tàdáwà kùn mí o," àmọ́ kò fa ọwọ́ náà kúrò. Báyìí la ṣe délé.

Láísẹ́ńsì dé, ọsibítù ò yẹ àdéhùn, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la sì jọ ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sí Amẹ́ríkà. Ẹ̀kọ́ tèmi ni pé ọkọ tí kò fẹ́ kí ẹlòmíràn di ọwọ́ aya rẹ̀ mú, kí òun náà má fi ọwọ́ ọ̀hún sílẹ̀ lófo. Mo ti kọ́ ọ. Mi ò wá ní kí n purọ́ pé owú ti tán lára mi pátápátá o. Lánàá, Ìyá Àíṣà ní wọ́n ti yan ẹni tó máa mú òun mọ ọsibítù náà tí òun bá débẹ̀. Mo rọra bi í pé kí lorúkọ onítọ̀hún.

Ó wò mí títí. Ó ní, "Patricia."

Mo mí kanlẹ̀. Ẹ̀rín pa á, ẹ̀rín sì pa èmi náà, òpònú tí mo jẹ́.