Bí Ìgbín Ṣe Gun Erin ní Ìsàngbé

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń wí pé ìgbín tó bá ti dé ẹ̀yìn erin, a kì í bi í léèrè àkàbà? Ẹ kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ Ìsàngbé ni mí, ẹ jẹ́ kí n fi ìlú mi yangàn díẹ̀.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ dá ìjọba ìbílẹ̀ tuntun sílẹ̀, wọ́n ní kí ìlú tó bá ń fẹ́ jẹ́ olú-ìlú rẹ̀ ya àmì ara rẹ̀ sórí pátákó, kí ó sì ṣàlàyé rẹ̀. Bí tiwa kò bá wọlé, abẹ́ Òkè-Àjàkà la máa wà. Òkè-Àjàkà tí wọ́n ń pè wá ní abà! Ikú yá ju ẹ̀sín.

Làsísì ayàwòrán bá ya erin. Erin náà tóbi, ọ̀dà kò kárí ẹ̀yìn rẹ̀, ló bá po ògì ìyàwó rẹ̀ mọ́ èyí tó kù. Òjò rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìgbín kan ti wà lẹ́yìn erin, ó ń jẹ ògì lọ ní tirẹ̀.

Baálẹ̀ ní kí wọ́n yọ ọ́. Wọ́n yọ ọ́, ọ̀dà bá a lọ, ojú pákó sì hàn gbangba.

"Ẹ dá a padà kíá," ni Baálẹ̀ wí. "Ìgbín sàn ju egbò lọ."

Bí wọ́n ṣe dá a padà ni ọkọ̀ àwọn aṣojú ìjọba dé. Ọ̀gá wọn wo pátákó, ó mí kanlẹ̀.

"Erin náà tún nìyí? Ìlú mẹ́ta ló ti fi erin hàn wá láàárọ̀ yìí, Òkè-Àjàkà sì wà níbẹ̀."

Ó ti ń pa ìwé rẹ̀ dé nígbà tí ìgbín yọrí, tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ síhà orí erin.

"Kí leléyìí?"

Ìyálóde Ayọ̀ká ló dìde, ó tún gèlè rẹ̀ wé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Àwọn ìlú ńlá ni erin. Àwa Ìsàngbé ni ìgbín. A kò lágbára, a kò yára, àmọ́ ẹ wo ibi tí a jókòó sí."

"Ìyá, báwo ni ìgbín ṣe gun erin? Àkàbà wo ló gbà?"

"Ọmọ mi, ó ti débẹ̀. Kí lẹ tún fẹ́ fi àkàbà ṣe?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì fọwọ́ síwèé fún wa.

Inú mi ń dùn sí i títí dòní. Abẹ́ wa ni Òkè-Àjàkà wà báyìí, wọn kò sì yé béèrè bí abà lásán ṣe rí i ṣe. A máa ń sìn wọ́n dé ìdí pátákó náà ni, a ó wá sọ fún wọn pé ìgbín tó bá ti dé ẹ̀yìn erin, a kì í bi í léèrè àkàbà.